Orúkọ Yorùbá nìkan ò tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ èdè náà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi èdè Yorùbá tẹ ìwé lọ.

Èmi fẹ́ràn kọ́míìkì, mo fẹ́ràn géèmù, ìtàn tí róbọ́ọ̀tì bá ti wà níbẹ̀, tí mọ́tò ń fò níbẹ̀, ẹ ti rí mi mú nìyẹn. Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní London, èmi àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin jọ jókòó wo Iwájú, kátúùnù tí àwọn ará Kugali, ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì àwọn ọmọ Áfíríkà, bá Disney ṣe, èyí tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Apá mẹ́fà péré ni. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà síbẹ̀, Tọ́lá ọmọ olówó ń gbé Island, Kọ́lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń gbé Mainland, alángbá róbọ́ọ̀tì kan sì wà tó ń ṣọ́ Tọ́lá. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Ààmì ohùn wà lórí àkọlé ẹ̀ pàápàá, Disney fúnra wọn kọ ọ́ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, ìgbà tí mo rí i, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ọmọ yìí ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú kátúùnù yẹn ló ń yíjú wò mí, inú ẹ̀ ń dùn, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Nígbà tá a wò ó tán ó bi mí pé, "Ọ́ńkù, ṣé tó bá dọjọ́ iwájú, wọn ò ní máa sọ Yorùbá l'Ékòó mọ́ ni?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wálé o, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ràn. Iyanu ti Roye Okupe, tó jẹ́ kọ́míìkì kó tó dé orí Cartoon Network ní 2025, aṣọ tiwa, ilé tiwa, orúkọ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ìwé Rosewater ti Tade Thompson, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke fún ìtàn sáyẹ́ǹsì ní 2019, Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ṣe géèmù Smite l'Ámẹ́ríkà fi Yemọja sínú ẹ̀ ní 2019, wọ́n wá fi Ọlọ́run náà sí i ní 2020 (èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn, Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tá a ń mú wọ ìjàkadì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn). Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ṣe fún Yemọja o. Agbára tó fi ń jà, Omi ni wọ́n pè é. Omi yìí náà! Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá rárá, níbikíbi tó wà láyé, tó bá mú Yemọja, á máa wo iye Omi tó ṣẹ́ kù fún un, kò sì dí i lọ́wọ́ láti gbá géèmù ẹ̀. Tí òyìnbó bá lè ṣe ìyẹn, kí ló ń dẹ́rù ba àwa?

Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tà lókè òkun á fẹ́ sọ èdè tí wọ́n gbọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Èyí tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ò ṣe é kọ sínú kọ́míìkì, pé ó gùn jù, kò ní gba inú róbótó funfun tó máa ń wà lẹ́bàá ẹnu àwọn èèyàn inú àwòrán. Ta ló sọ fún wọn? Bàbá mi ní ẹ̀dà ìwé ìròyìn Atọ́ka nínú àpótí títí dòní. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa bí Ògúǹdé àti Oyin Adéjọbí, fọ́tò tẹ̀lé fọ́tò, Yorùbá ń jáde lẹ́nu wọn, ìjà ń bẹ níbẹ̀, ìfẹ́ ń bẹ níbẹ̀, oògùn ń bẹ níbẹ̀. Kọ́míìkì kọ́ nìyẹn ni? Àwọn òbí wa ń ra á, wọ́n ń yá ara wọn títí á fi ya.

Nǹkan tó yàtọ̀ báyìí ni kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ààmì abẹ́ lẹ́tà yẹn fúnra ẹ̀ ni ohùn, wọn kì í tún fi ohùn míì sórí ẹ̀, àwa ló ń fi sí i. Nítorí náà ẹ́ ò ní nọ́ńbà tiẹ̀, ọ̀ náà ò ní, lẹ́tà lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé lẹ́tà jáde, ló máa so wọ́n pọ̀. Fọ́ǹtì tí ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ohùn á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto àti Gentium ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n, àmọ́ fọ́ǹtì ìwé kíkà ni wọ́n, wọn ò jọ ti kọ́míìkì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń yàwòrán ya ibì kan tí ọmọbìnrin kan ti ju ọ̀kọ̀ lu ọkọ̀ tó ti ojú ọ̀run bọ̀, fọ́ǹtì tó lò gbé OKO LU OKO jáde, ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ ni wọ́n ń lù? Ó tún un ṣe títí, ó sú u, ó bá kọ gbogbo ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí Yorùbá ṣe ń kúrò nínú kọ́míìkì nìyẹn.

Ẹ̀yin ní fọ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ní àwọn tó mọ ààmì fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ìwé lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ń yà á máa mú iṣẹ́ wá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti ṣe ojú ìwé mẹ́rin, ọwọ́ la fi kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni, tó ní róbọ́ọ̀tì tó ń ràn án lọ́wọ́ lóko, tó bá ní kó gbé ọkọ́ wá tó sì ṣi ohùn pè, ọkọ̀ ló máa wà wá bá a. A ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ó ń kà á sókè fún ìyá ẹ̀, ó sì ń bi mí ìgbà tí ojú ìwé karùn-ún máa jáde.

Èmi ni tiyín,
Olùkà yín láti Ìbàdàn