Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú ọjọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí torí awò ojú yín ò tíì dé látọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Lagere, Bọ̀ọ̀dá ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ara mi le. Òtútù Leeds ò tíì lọ, ṣùgbọ́n a ti mọ ọwọ́ ara wa.

Voice note tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́jọ́ Sunday ni mo fẹ́ fèsì sí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àyà mi já. Ẹ ní ẹ ti bá mi rí àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ fún ìwádìí mi, àwọn tó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Modákẹ́kẹ́ yẹn, St. Stephen's "A" láyé ọjọ́un, ẹ ti ní kí gbogbo wọn wá jókòó sí pálọ̀ yín ní Saturday, pé ìrẹsì á wà, pé ọmọ yín tó wà lókè òkun á sì ṣe wọ́n lóore. Háà, Màámi! Ẹ ṣeun, mi ò lè dúpẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọlá Bàámi bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró ná. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ ti bi mí rí pé kí ni mo tún ń kọ́ níbí, ṣebí tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, kí ló tún kù. Másítà tí mo ń ṣe yìí, kírẹ́díìtì 180 ni, prójẹ́ẹ̀tì nìkan sì kó 60 nínú ẹ̀. Kò sí lẹ́kíṣọ̀ nínú ẹ̀, kò sí ìdánwò, èmi àti súpáfáísọ̀ ni, àti ìwé, àti yàrá kékeré mi yìí. Obìnrin tó ń bójú tó tèmi, àgbà ni, orúkọ ẹ̀ gan-an ni wọ́n ní ká máa pè é, ẹnu mi ò gbà á o, Dókítà ni mò ń pè é, ó ti sú u láti máa tún mi ṣe. Mo rò pé á sọ fún mi pé ṣe báyìí ṣe báyìí bíi ti àwa nílé. Rárá. Ìbéèrè ló máa ń bi mí. Mo mú "ìṣòro ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà" lọ bá a, ó ní ìlú wo, mo ní Ilé-Ifẹ̀, ó ní ilé ìwé wo, ọdún wo, ta ni màá bi, títí ó fi ṣẹ́ kù ohun tí èèyàn kan lè ṣe kó sì parí ẹ̀.

Ẹ ò ní gbà gbọ́, òun ló kọ́kọ́ dárúkọ Modákẹ́kẹ́! Ìtàn tẹ́ ẹ máa ń sọ fún wa, ti kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n mọ̀ ọ́n níbí, ó wà nínú ìwé rẹpẹtẹ. Ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣíwájú, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà gbówó sílẹ̀, inú kíláàsì ní St. Stephen's "A" ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo nǹkan láti Primary One dé Six, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn fi Yorùbá ṣe ọdún 3 àkọ́kọ́ kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ilé ìwé yòókù ṣe ń ṣe é. Àbọ̀ tí àwọn Fafunwa jẹ́ ni pé àwọn tó fi Yorùbá ṣe ọdún 6 ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Síbẹ̀ náà ẹ wo ìjọba wa, 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 2025 wọ́n ní àwọn ti wọ́gi lé e. Kò sú wọn.

Máàkì àwọn ọmọ yẹn ni gbogbo ìwé ń sọ. Ohun tí èmi ń wá ni bó ṣe rí lára àwọn tó jókòó sí kíláàsì yẹn. Báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n wọ sẹ́kọ́ńdìrì tí gbogbo nǹkan dédé di Gẹ̀ẹ́sì? Nígbà tí àwọn náà wá bímọ, èdè wo ni wọ́n fi tọ́ ọ, irú ilé ìwé wo ni wọ́n mú un lọ? Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà ti lé ní 60 báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Saturday yín. Nínú ìwé tí mo kọ fún Dókítà nípa bí màá ṣe rí àwọn èèyàn, mo kọ ọ́ pé ìyá mi, tíṣà tó ti ritáyà ní àdúgbò, ló máa bá mi pè wọ́n. Inú mi dùn sí ìlà yẹn gan-an. Nígbà tí ìwé padà dé, ó ti fi bírò aláwọ̀ ewé fàlà sí i nídìí, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Ṣé wọ́n lè sọ fún màmá ẹ pé àwọn ò ṣe?"

Màámi, mo jókòó, mo ro gbogbo Modákẹ́kẹ́ já, mi ò rí ẹnì kan. Àwọn tẹ́ ẹ nà ní Primary Three ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún yín lójú títì. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó sọ pé rárá fún yín rí ni Bọ̀ọ̀dá, lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà, gbogbo wa la sì mọ bí ìyẹn ṣe parí.

Ibi tí ìwádìí wọn ti le níbí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ kan wà ní yunifásítì tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan, ìlànà ẹgbẹ́ olùwádìí ètò ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ Bìrìtìkó, BERA, ni wọ́n ní ká máa tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Wọ́n á bi mí pé ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe rí i, ibo ni màá tọ́jú ohùn ẹ̀ sí, tó bá sọ lágbedeméjì pé òun ò ṣe mọ́, kí ni màá ṣe. Kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kó má sì ṣe é torí oúnjẹ. Ìwé àṣẹ ò tíì jáde. Bí wọ́n bá wá sí pálọ̀ yín ní Saturday tí wọ́n sọ gbogbo inú wọn, òótọ́ pọ́ńbélé ni o, mi ò ní lè lo ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀.

Bí àṣẹ bá jáde, màá fi ìwé àlàyé ránṣẹ́, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo ti rò ó pé àwọn kan ò ní fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ rí tí ilẹ̀ ọ̀hún sì bá a lọ, kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Dókítà ní wọ́n lè fi ẹnu gbà, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Bàbá tẹ́ ẹ ní ó sọ pé kí orúkọ òun hàn gedegbe nínú ìwé, ẹ bá mi kí wọn. Orúkọ mìíràn la sábà máa ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀, ìlànà yẹn gbà á láyè, mo ti fi kún ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Owó ọkọ̀ ni mo lè fún wọn. Èyí tó máa dùn yín jù rèé: ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ jókòó tì wọ́n tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí tíṣà bá jókòó sí iwájú wọn, ṣé wọ́n á sọ fún mi pé àwọn ò gbádùn ilé ìwé?

Ìrẹsì yẹn, tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fún àwọn ọmọ Sunday School jẹ.

Iṣẹ́ mi ń lọ, ilé àwọn arúgbó yẹn náà ni, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà wá láàyè tí ilé ìwé bá wọlé, owó ẹ̀ ò ju pé ó ń sanwó ilé. Ẹ sọ fún ọmọ mi pé mo ti ra bàtà tó ń tan iná, ẹni tó ń bọ̀ nílé ni mò ń wá. Ó ń bi mí lórí fóònù ìgbà tóun náà máa wá, láti 2024 wọn ò gbà kí irú wa mú ọmọ wá mọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún ọmọdé, ẹ̀yin ẹ bá mi wá nǹkan sọ.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì àti gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́

Bọ̀ọ̀dá, ibi yìí ẹ má kà á síta o. Ẹ̀yin ni mo ti kọ sínú ìwé tuntun pé ẹ máa pín ìwé àlàyé náà kiri. Ẹ kàn fi sílẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ máa lọ, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á pè mí. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ orúkọ ẹ̀ fún Màámi, torí wọ́n á lọ bá a nílé. Owó dátà yín á wọlé ní Friday.