Òṣùwọ̀n Wo Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Ewì Àwọn Ọmọ Wa?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìdíje ewì tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba àdúgbò wa ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta nígbà ìsinmi tó kọjá ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń múra òmíràn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbi àkọ́kọ́ kò yẹ kó tún wáyé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀. Kí ènìyàn kó ọmọ jọ sábẹ́ àtíbàbà nínú oòrùn Èkó yìí, kó wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó tún ra ìwé tí yóò fi ta wọ́n lọ́rẹ, iṣẹ́ ńlá ni. Bí àwọn adájọ́ ṣe fún àwọn ọmọ ní máàkì ni ẹjọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan, tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún 11 lọ, kéwì nípa ọkọ̀ dánfó tó ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ní: “Ọkọ̀ ń sáré, kọ̀ǹdọ́ ń sáré, ọkọ̀ dúró, ẹnu kọ̀ǹdọ́ kò dúró.” Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ka èsì, wọ́n ní àwọn yọ lára máàkì rẹ̀ nítorí pé ìparí àwọn ìlà rẹ̀ kò dún bákan náà. Ti ọmọkùnrin tó gba ipò kìíní dún bákan náà láti òkè délẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó hàn pé àgbàlagbà ló bá a kọ ọ́. (Ọmọ ọdún 9 wo ló ń sọ pé “ètò ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀” nígbà tó bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré?)

Ibo ni òfin yẹn ti wá? Àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá, àwọn eléégún tó ń pe ẹ̀sà, àwọn ìyàwó tó ń sun ẹkún kí wọ́n tó fi ilé baba wọn sílẹ̀, kò sí èyí tó fi ìparí ìlà tó jọra ṣe òṣùwọ̀n nínú wọn. Àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà àti ohùn tó ń lọ sókè sódò ni ewì Yorùbá fi ń dùn létí. Ohùn nìkan ló ya igbá, igba, ìgbà àti igbà sọ́tọ̀, síbẹ̀ akéwì tó gbó lẹ́nu lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dárà nínú gbólóhùn kan. Irú nǹkan tí ọmọ yẹn ṣe nìyẹn: ó wí “dúró” lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti táyà, èkejì jẹ́ ti ẹnu. Inú ọkọ̀, láàárọ̀, ló ti kọ́ ọ.

Láti ọdún 2018 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́ èdè náà dáadáa ni kò tíì lè fi àmì sórí rẹ̀, nítorí náà, kí wọ́n dá wọn lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n bá fi ẹnu wọn ké, kì í ṣe lórí bébà tí òbí tẹ̀. Kí wọ́n fún ọmọ ní àkòrí lójú ẹsẹ̀, bóyá òjò tàbí ọjà Oyíǹgbò, kó lo ìṣẹ́jú díẹ̀ láti rò ó, kó sì bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ ọdún 9 má ṣe bá ti ọdún 17 díje mọ́. Kí asunrárà tàbí onílù kan sì wà láàárín àwọn adájọ́.

Bí wọ́n bá ń wá adájọ́ tí kò ní gba owó, mo wà nílé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún pe ọmọ onídánfó yẹn wá, nítorí agogo tí wọ́n fi ń ṣọ́ àkókò ló gé ewì rẹ̀ sí méjì, n kò sì tíì gbọ́ ibi tí ọkọ̀ náà já èrò rẹ̀ sí.

Èmi ni,
Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, Èkó.