Lítíréṣọ̀ Ńkọ́?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín àwọn ọmọ wa sí kíláàsì ní SS1 ló ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e síta.

Láti kékeré ni ọmọbìnrin mi ti ń bá mi gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, onígbèsè gan-an á tọwọ́ bàpò. Lọ́yà ló lóun fẹ́ ṣe. Nígbà tí èsì JSS3 jáde, máàkì rẹ̀ ga, ni wọ́n bá kọ ọ́ sí sáyẹ́ǹsì. Mo lọ bá wọn nílé ìwé. Tíṣà tí mo bá nídìí tábìlì ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Màmá, ọmọ yín mọ̀wé. Ṣé áàtì lẹ fẹ́ kó lọ ni?" Àfi bí ẹni pé mo ní kọ́mọ lọ ṣagbe. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo délé, mo rò fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé sáyẹ́ǹsì lọmọ mi wà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi bá físíìsì àti kẹ́mísírì wọ̀dìmú. Ọjọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ni ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà bi í pé, "Lítíréṣọ̀ ńkọ́?" Àṣé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí yóò ṣe, wọ́n á sì tún béèrè kírédíìtì rẹ̀ nínú WAEC. Àtìgbà tó ti kúrò ní JSS3, ọmọ mi ò jókòó ní kíláàsì Lítíréṣọ̀ mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti 2011 ni ìjọba ti ní kí ọmọ SS máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Aṣọ rírán wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti ń wa máṣíìnì láti Primary 5! Ẹja sínsìn ni wọ́n fún un, nílé ìwé tí kò ní kòtò ẹja kankan. Ara pátákó ni wọ́n ya ẹja sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n pe àwa òbí kí wọ́n tó pín ọmọ. Kí wọ́n tẹ́ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB sílẹ̀, kí wọ́n fi Yorùbá ka ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún àwa tí a ò kàwé púpọ̀. Kí ọmọ náà sì wà níjòókòó.

Ọmọ mi ti gba fọ́ọ̀mù GCE báyìí, ìdánwò WAEC tí ẹni tó ti jáde nílé ìwé ń ṣe fúnra rẹ̀: Lítíréṣọ̀, Gọ́fúmẹ́ǹtì àti CRS. Ẹ̀yìn máṣíìnì mi ló ti ń kàwé. Lánàá, oníbàárà dúró, mò ń wá téèpù tí mo fi ń wọnṣọ. Inú ìwé eré tó ń kà fún Lítíréṣọ̀ ni mo ti bá a, ó fi sàmì síbi tó kà dé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.