Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, tó ń dá tọ́mọ

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ibi tí o ti kọ ọ́ pé o kì í sunkún lójú àwọn ọmọ, àti pé àárẹ̀ kì í jẹ́ kí o lè sunkún mọ́ tí wọ́n bá ti sùn, kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwọ ni ìyá, ìwọ ni bàbá. Ta ló ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun?

Jọ̀wọ́, wá ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọnà tọ́jú ọkàn. Má tíì sọ pé o ò mọ àwòrán yà. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Drexel, ní Amẹ́ríkà, kó amọ̀, páálí àti kálámù aláwọ̀ fún àgbàlagbà 39 láti fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n fún ìṣẹ́jú 45. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Cortisol, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀kan náà ni.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí kì í wo bí àwòrán ṣe rẹwà sí. Yóò jókòó tì ọ́, yóò sì rọra bi ọ́ pé: "Ta ni ti ẹ̀gbẹ́ yìí? Kí ló dé tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀?" Obìnrin tí kò lè la ẹnu sọ pé inú ń bí òun sí ẹni tó fi òun àti ọmọ sílẹ̀ lè fi ọ̀dà pupa kun ìwé látòkèdélẹ̀. Ìbínú náà ti bọ́ síta nìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o dé, Àbẹ̀kẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí o ti ń gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ọmọ lè máa ya tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nílé, ìyẹn dáa. Àmọ́ má ṣàlàyé tìrẹ fún un. Ẹrù àgbà ni. Tí oorun bá sì kọ̀ tí kò wá, tàbí tí o bá ń rò ó pé ikú sàn jù, tètè lọ rí dókítà, má dúró de àwòrán kankan.

Sọ ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ fún mi. Èmi ni màá máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí o ó fi ṣe tán.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́