Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Kọ̀ǹpútà tí kì í kú, ìlérí tí kì í ṣẹ

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà tí mo rà lọ́wọ́ yín kì í kú nígbà tí mo bá pa á, ṣe ló máa ń há. Nọ́mbà ẹ̀sùn mi, rìsíìtì, ìwé wárántì àti fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ yín, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ yín kan tó gbé fóònù tí kì í kọ́kọ́ ní kí n tún wọn fi ránṣẹ́. Mi ò ní tún wọn fi ránṣẹ́ mọ́. Ẹ ṣí fáìlì yín.

Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ìyẹn nìkan kò lè mú mi jókòó kọ lẹ́tà. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé ẹ ti ẹ̀sùn yìí pa, ẹ kọ "a ti yanjú rẹ̀" sí i lára, ẹ wá ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láàárín àwọn èèyàn tí ẹnìkan nínú wọn kò ka ohun tí èkejì kọ sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ló sọ fún mi pé, "Linux ni, Linux kò ní wárántì." Ẹ̀yin lẹ fi Ubuntu 24.04, ẹ̀yà Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí ẹ̀rọ náà kí ẹ tó tà á, ẹ̀yin náà lẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí rẹ̀ pé ẹ ti fi Linux dán an wò. Nígbà tí mo rán an létí, ó bi mí pé ta ló ní kí n ṣe update, àfi bí ẹni tó mú olè. Ó ní kí n lọ ra Windows, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Bó bá mọ iṣẹ́ tí ẹ gbà á sí, ohun tí ì bá kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí `journalctl -b -1 -e`, àṣẹ tó ń ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí bí ẹ̀rọ ṣe parí iṣẹ́ nígbà tí a lò ó kẹ́yìn. Bó bá kú dáadáa, "Journal stopped" ló sábà máa ń gbẹ̀yìn. Tèmi kì í dé ibẹ̀. "watchdog: BUG: soft lockup - CPU#2 stuck for 22s!" ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn ni pé CPU kan há, orúkọ nouveau sì wà nínú àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e. Nouveau ni driver (ètò tó ń darí ohun èlò) ọ̀fẹ́ tó wà nínú kernel, ọkàn Linux, fún káàdì àwòrán NVIDIA. Lórí GTX 1650 tí ẹ fi sínú ẹ̀rọ yìí, ìgbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ káàdì sílẹ̀ kí iná lè kú ló ń há. Mo fi gbogbo àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Kò sẹ́ni tó kà á.

Ẹnì kejì ní kí n ṣí `/etc/systemd/system.conf`, kí n sọ DefaultTimeoutStopSec di 5s. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ni systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń pa àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, máa ń fún service (iṣẹ́ abẹ́lẹ̀) kọ̀ọ̀kan kó fi palẹ̀ mọ́, kó tó fipá pa á. Ká ní service ló ń fa wàhálà ni, "A stop job is running" ni ìbá hàn lójú ẹ̀rọ, àkókò á sì máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò hàn rí. Inú kernel ni nǹkan ti há, systemd kò sì láṣẹ lórí kernel. Ohun kan ṣoṣo tí 5s yẹn lè ṣe ni pé kó pa database tó ṣì ń kọ nǹkan sí dísìkì lọ́wọ́.

Òun náà ló ní kí n máa di bọ́tìnnì iná mú títí ẹ̀rọ á fi kú. Ẹ̀yin náà mọ ìlú tí à ń gbé. Iná á lọ, UPS á máa ké, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù fún ẹ̀rọ láti kú pẹ̀lú àlàáfíà, ẹ wá ní kí wọ́n fa iná yọ lójú rẹ̀. Journal tó wà nínú ext4, ọ̀nà tí dísìkì ń gbà to fáìlì, lè dáàbò bo ètò fáìlì, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí kò tíì dé orí dísìkì padà. Ó yẹ kó mọ̀, ó kéré tán, pé Ubuntu fi kernel.sysrq, ètò bọ́tìnnì pàjáwìrì, sí 176: kéèyàn di Alt àti PrintScreen mú, kó tẹ S kí dísìkì gba ohun tó kù, U kó di kíkà nìkan, kó tó tẹ B tí yóò tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn o, ṣùgbọ́n ó sàn ju bọ́tìnnì lọ.

Ẹnì kẹta ló mú ohun tí ẹ pè ní ìwòsàn wá. Ó wọlé láti òkèèrè, ó ṣí `/etc/default/grub`, fáìlì ètò tó ń jí ẹ̀rọ (bootloader), ó fi nomodeset kún GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, ó ṣe `sudo update-grub`. Ó pa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kú. Ó kí mi kú oríire! Òótọ́ ni pé ó kú. Nomodeset ló ní kí nouveau má fọwọ́ kan káàdì àwòrán rárá, kí ló wá fẹ́ há? Aṣọ lẹ fi bo egbò. Láti ìgbà náà, `glxinfo -B` ń fi llvmpipe hàn níbi tó yẹ kí orúkọ káàdì wà. Ìyẹn ni pé CPU ló ń ya gbogbo ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Fídíò 1080p kan á mú gbogbo core sáré, fáànù á máa ké, Blender kò ní rí GPU lò, mọ́nítọ̀ kejì á ṣókùnkùn, ìwọ̀n ojú ti àkọ́kọ́ kò sì ṣeé yí padà. Owó káàdì yẹn wà nínú rìsíìtì tí ẹ fẹ́ràn láti máa béèrè. Ẹ wò ó níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ ṣèlérí pé ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ yín yóò wá fúnra rẹ̀. Kò wá, kò pè. Ẹ tún rán ẹlòmíràn tó wọlé láti òkèèrè, tó fi nvidia-driver-535, driver ti NVIDIA fúnra rẹ̀, sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú DKMS, ètò tó ń kọ́ driver bá kernel mu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ka ibí yìí dáadáa. Secure Boot, ààbò tí kì í gba ètò tí a kò buwọ́ lù nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, wà ní títàn. `mokutil --sb-state` á jẹ́rìí sí i. Kọ́kọ́rọ́ MOK ni wọ́n fi ń buwọ́ lu module (driver tí kernel ń gbé wọlé) tí DKMS bá kọ́, kernel kò sì ní gbà á àfi bí ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ bá ti forúkọ kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti tún bẹ̀rẹ̀, ojú búlúù kan á yọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á yan Enroll MOK, á tẹ password tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ń fi driver sí i. Bí kò bá sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, ẹ̀rọ á bá tirẹ̀ lọ.

Kí Ubuntu tó jí ni ojú búlúù yẹn ti ń yọ. Ẹni tó wà ní òkèèrè kò lè rí i láéláé. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ yín ni password wà, kò sọ ọ́ fún mi, kò sì kìlọ̀ pé ohunkóhun ń bọ̀. Ó rí i pé apt, ètò tó ń fi nǹkan sórí Ubuntu, parí láìsí àṣìṣe, ó ti ẹ̀sùn pa, ó lọ. Bó bá ṣe `sudo modprobe nvidia` lónìí, "Key was rejected by service" ni yóò rí. Nomodeset ẹni ìṣáájú ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò tún un ṣe fúnra mi. Ìwé wárántì yín ló ní ẹni tó bá fọwọ́ kan bootloader tàbí driver ti ba wárántì jẹ́. Ìwé yẹn kan náà kò dí òṣìṣẹ́ yín lọ́wọ́ láti ní kí n ṣí system.conf.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7. Kí ẹnìkan tó ní ọwọ́ àti ojú wá síwájú ẹ̀rọ yìí. Kó yọ nomodeset, kó ṣe `sudo update-grub`. Lẹ́yìn náà, kó forúkọ MOK sílẹ̀, tàbí kó lo linux-modules-nvidia-535-generic tí Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Ubuntu, ti buwọ́ lù tẹ́lẹ̀, tí kò nílò MOK rárá. Kó tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kó fi `nvidia-smi` àti `glxinfo -B` hàn mí, kó pa ẹ̀rọ léraléra lójú mi, kó sì fi "Journal stopped" hàn mí lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi káàdì AMD tó tó o rọ́pò rẹ̀. Inú kernel ni amdgpu wà, Ubuntu ti buwọ́ lù ú, Secure Boot kò ní bá a jà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá gbogbo owó mi padà.

Bí ọjọ́ náà bá kọjá, mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti 2018, mo sì ń gba Small Claims Court ti ìpínlẹ̀ Èkó lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà. Gbogbo ìpè tí ẹ ní ẹ ń gbà sílẹ̀ "fún ìdàgbàsókè iṣẹ́" ni mo máa ní kí ẹ gbé wá, pàápàá èyí tí ẹ fi pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ má tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bèèrè ìràwọ̀ márùn-ún ránṣẹ́ sí mi kí iṣẹ́ tó parí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.