"Ọ̀rọ̀ ilé ni" kì í ṣe èsì ọlọ́pàá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, bóyá ọlọ́pàá tó wà nídìí kántà lálẹ́ òní, tó máa ń sọ fún obìnrin tí ọkọ lù pé "ọ̀rọ̀ ilé ni", á rí i kà.

Láti ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ka ìwà ipá nínú ilé léèwọ̀. Ní 2021, ìjọba fi òfin sọ ikọ̀ tó ń rí sí i di àjọ tó dá dúró, èyí tí wọ́n ń pè ní DSVA. Pé ọkọ lè fi lílù kọ́ aya lọ́gbọ́n, inú òfin ìwà ọ̀daràn ti òkè Ọya lẹ ti máa rí ìyẹn, kò sí nínú ti Èkó. Òfin kọ́ ló wọ́n wa. Àkọsílẹ̀ alẹ́ àkọ́kọ́ ló wọ́n.

Ará ilé tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767, tó kàn ń pariwo pé "wọ́n ń jà nílé wa", kò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò, bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn, bóyá ọ̀bẹ tàbí igi wà lọ́wọ́ ẹni tó ń luni, bóyá ọmọ wà nínú yàrá: ìwọ̀nyí ni kó sọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mọ́tò kì í wọ àwọn ọ̀nà tóóró kan, kí ẹnìkan jáde lọ dúró de ọlọ́pàá ní títì.

Tí wọ́n bá dé, wọ́n á bi obìnrin lójú ọkọ ẹ̀ pé, "Màdáàmù, ṣé ó nà yín?" Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Kí ọlọ́pàá kan mú ọkùnrin lọ síwájú ilé, kí èkejì mú obìnrin lọ síbi tí wọn ò ti lè rí ara wọn, tí wọn ò sì lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ìyá ọkọ kọ́ ló máa ṣe ògbufọ̀ o.

Kí wọ́n bi obìnrin náà bóyá wọ́n fún un lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni kì í ní àpá kankan lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá á sì ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣé ohùn ẹ̀ ti há? Ṣé itọ́ ń ṣòro gbé mì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tò wínníwínní sínú ẹyinjú ẹ̀? Ṣé ó dákú, àbí ó tọ̀ sára? Ọ̀kan ṣoṣo tó láti gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà, torí ọ̀nà ọ̀fun lè wú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ọkọ tó ti fún aya ẹ̀ lọ́rùn rí, ẹ má fojú ẹni tó gbáni létí wò ó. Lára dúdú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lábẹ́ awọ máa ń pẹ́ kó tó hàn: kí wọ́n ya fọ́tò lálẹ́, kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, inú bébà ni kí wọ́n dì í sí. Nínú ọ̀rá, ńṣe ló máa bu.

Ní tẹ́ṣàn, "tọkọtaya ní èdè-àìyédè" ni wọ́n sábà máa ń kọ. Lọ́yà ọkọ ò ní wá ẹ̀rí míì. Tí obìnrin bá sọ pé "ó ní òun máa pa mí", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú aago, kí wọ́n kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Kí ọlọ́pàá má gba owó epo lọ́wọ́ ẹ̀. Bélì náà, ọ̀fẹ́ ni.

Bélì ọ̀hún ló tún ń fa jàǹbá. Òfin ìlú ò gbà kí wọ́n ti ọkọ náà mọ́lé ju wákàtí 24 lọ láìgbé e dé kóòtù níbi tí kóòtù bá wà nítòsí, ìyẹn sì tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé wọ́n á tú u sílẹ̀ lóru, ìyàwó ò ní mọ̀, àfi tó bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìpè kan péré sí ìyàwó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn séèlì ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí wọ́n sì sọ fún un pé kóòtù lè fún un ní ìwé ààbò tó ní kí ọkọ má sún mọ́ ọn, láìdúró de ẹjọ́ ọ̀daràn.

Lọ́jọ́ kejì, mọ̀lẹ́bí á kó ara wọn wá, obìnrin á mú ìwé wá pé òun ti dárí jì í. Kí D.P.O., ọ̀gá tẹ́ṣàn, kọ́kọ́ ní kí gbogbo àwọn tó sìn ín wá bọ́ síta, kó wá bi í pé: ta ló bá ọ kọ ìwé yìí?

Àwa òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìdílé,
Ìsàlẹ̀ Èkó.