Ẹ má fi OK sọrí ogun

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa OK, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ó ní inú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀: pé bí àwọn ológun bá ti ojú ìjà dé tí ẹnikẹ́ni ò kú, wọn a kọ òdo àti K, tó dúró fún "killed". Ìtàn náà dùn, àmọ́ ọdún 1861 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀. OK ti wà nínú ìwé ìròyìn láti 1839.

Boston Morning Post ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún náà la ti kọ́kọ́ rí i. Àwàdà ni. Nígbà yẹn, àwọn oníwèé ìròyìn Boston a máa gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọn a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣi sípẹ́lì kọ kí wọ́n lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. "All correct" di "oll korrect", ó wá di o.k. Bẹ́ẹ̀ náà ni "all right" ṣe di "oll wright", tó wá di o.w. Ta ló tún ń sọ o.w. lónìí?

Òṣèlú ló gba OK là. Lọ́dún 1840, Ààrẹ Martin Van Buren tún ń du ipò. Kinderhook, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ń pè é ní Old Kinderhook. Làwọn èèyàn rẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ O.K. sílẹ̀. Àwọn alátakò ò dákẹ́: wọ́n ní Andrew Jackson tó ṣe Ààrẹ ṣáájú rẹ̀ ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé kò mọ sípẹ́lì! Van Buren fìdí rẹmi, OK ò bá a lọ. Àwọn tó ń tẹ wáyà ní ọ̀nà rélùwéè náà wá gbà á lò, torí ó kúrú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Allen Walker Read ti Yunifásítì Columbia ló tú gbogbo èyí síta ní 1963 àti 1964. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èdè Wolof ti ilẹ̀ Senegal ló ti wá, láti ara "waw kay" táwọn ẹrú gbé lọ. Ì bá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé ìròyìn 1839 yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí lẹ́tà méjèèjì dúró fún.

Ohun tí akọ̀ròyìn yín ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn ni bá a ṣe ń lò ó níbí. Bí ọmọ bá ti ibi ìdánwò dé, tó ní "ó OK", ẹ yáa múra àtisan owó lẹ́sìnnì. Ẹni tó bá fà á gùn pé "óò-kéèè" ò tíì gbà yín gbọ́. Lórí fóònù, tẹ́nì kan bá ti ń sọ "OK, OK, OK" léraléra, ó fẹ́ gé e ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ ogun yẹn nínú èyí tó ń bọ̀, torí àwọn olùkọ́ ń ka ìwé ìròyìn yín fọ́mọ iléèwé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn